Bẹ́ẹ ṣe lè mọ iye epo tí píkọ́ọ̀pù yín ń jẹ gan-an, kì í ṣe ti táńkì kan o, ti ọdún gbáko

Bẹ́ẹ bá bi ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù kékeré pé báwo lepo mọ́tò ẹ̀ ṣe ń lọ sí, á ní "kò jẹ epo rárá" tàbí kó ní "há, ó ń mu epo bí omi". Tẹ́ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ nínú pé lítà mélòó gan-an, á wo ojú dáàṣíbọ́ọ̀dù, á ka nọ́ńbà tó bá bá níbẹ̀ fún yín. Àwọn tó tiẹ̀ gbìyànjú láti kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ ọ́ fún táńkì méjì mẹ́ta, nọ́ńbà á máa lọ sókè sódò, wọ́n á ní ìṣirò yìí ò mọ́gbọ́n dání, wọ́n á pa á tì. Nọ́ńbà ò ya wèrè o. Táńkì kan ṣoṣo ni kò lè sọ òótọ́. Ẹ máa so táńkì kan mọ́ òmíì bíi ṣéènì ni, kò sì gbọdọ̀ já, nítorí kó má baà já ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe wà.

Ohun tẹ́ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan àti bírò tó máa wà nínú mọ́tò, kì í ṣe nílé.
- Google Sheets tàbí Excel, tàbí áàpù bíi Fuelio tàbí Drivvo. Èmi fẹ́ràn ìwé ní ilé-epo, kí n wá kó o sínú Sheets lópin oṣù. Tó bá jẹ́ áàpù lẹ fẹ́, ẹ máa kó àkọsílẹ̀ yín jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bíi fáìlì CSV, èyí tí Sheets àti Excel lè ṣí, torí ọjọ́ tí fóònù bá sọnù ni ojú máa là.
- Géèjì tí wọ́n fi ń wo atẹ́gùn táyà.
- Fóònù tó ní GPS, ọjọ́ kan péré la máa lò ó.
- Ìwé àlàyé tó bá mọ́tò wá. Ẹ wo iye lítà tí táńkì yín ń gbà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ fi ti owó sílẹ̀ o. "Epo iye báyìí ni mò ń rà lọ́sẹ̀" kì í ṣe ìṣirò epo, owó epo lè yí pa dà lóru mọ́jú, lítà kì í yí pa dà. Ẹ lè kọ owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ ìnáwó, àmọ́ kò gbọdọ̀ wọnú ìṣirò yìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí odómítà yín ná

Ibí làwọn oní-píkọ́ọ̀pù ti máa ń kọ́kọ́ ṣìnà, torí àwa la fẹ́ràn ká máa pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Odómítà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ka gbogbo kìlómítà tí mọ́tò ti rìn, ò mọ ilẹ̀ o, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò yí ló ń kà, ó sì gbà pé táyà tó bá mọ́tò wá ló ṣì wà níbẹ̀. Tí táyà tuntun bá fi 4% tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa rin kìlómítà 104, odómítà á ní 100 lẹ rìn, ẹ ó wá máa pariwo pé mọ́tò ti ń jẹ epo jù látìgbà tẹ́ẹ pààrọ̀ táyà, bẹ́ẹ̀ irọ́ odómítà wà nínú ẹ̀.

Ẹ ṣí áàpù tó ń fi GPS ka ìrìn lórí fóònù, ẹ wá ọ̀nà gbọọrọ tí kò yí kọ́rọkọ̀rọ, ẹ rìn tó kìlómítà 50 ó kéré tán, 100 ló dáa jù. Ẹ kọ odómítà nígbà tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tẹ́ẹ dúró. Lẹ́yìn náà ẹ fi ti odómítà pín ti GPS. Tí GPS bá ní 100, tí odómítà ní 96, ó ń fún wa ní 1.04, nọ́ńbà yẹn lẹ ó máa fi sọ kìlómítà odómítà yín di púpọ̀ látòní lọ. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye lítà táńkì.

Táyà tó ń gbó náà máa ń kéré sí i díẹ̀díẹ̀, àmọ́ láti tuntun dé gbígbó kò fi bẹ́ẹ̀ ju 2% lọ, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá yí sáìsì táyà pa dà nìkan ni kẹ́ẹ tún ìgbésẹ̀ yìí ṣe.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣe é ní lílọ, ẹ tún un ṣe ní bíbọ̀. Tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ju 1% lọ, á jẹ́ pé GPS já níbì kan, ẹ tún un ṣe. Tí èsì bá wà láàárín 0.99 sí 1.01, odómítà yín dáa, ẹ má wulẹ̀ ṣàtúnṣe kankan.

Ìgbésẹ̀ 2: Fúùlù táńkì àkọ́kọ́

Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ rọ epo títí pọ́ǹpù á fi já fúnra ẹ̀, ó máa dún "kọ́". Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ti dún, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má mi mọ́tò jìgìjìgì kí epo lè wọlé sí i, ẹ má sì ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un kí lítà tàbí owó lè pé géérégé. Ọ̀nà méjì ni àfikún yẹn ń gbà bá nǹkan jẹ́: ẹ ò lè ṣe é bákan náà lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ọ̀kan, èkejì ni pé nínú mọ́tò bẹntiróòlù òde òní, ohun kan wà tó ń gba èéfín epo láti inú táńkì, tí epo tútù bá wọ ibẹ̀ ó máa bà á jẹ́, àtúnṣe ẹ̀ ò sì pọ́n ẹnu lá. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ń bá yín rọ epo, ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ti ṣe é tán, ó ti ṣe é tán nìyẹn.

Píkọ́ọ̀pù ní wàhálà tiẹ̀ níbí. Tí ẹrù tó wúwo bá wà lẹ́yìn, ìdí mọ́tò á rẹlẹ̀, táńkì á dagun, afẹ́fẹ́ lè há sí apá kan, pọ́ǹpù á wá já nígbà tí táńkì ò tíì kún. Tẹ́ẹ bá lè máa rọ epo ṣáájú kẹ́ẹ tó di ẹrù, tàbí lẹ́yìn tẹ́ẹ ti já a, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Dísẹ́ẹ̀lì náà máa ń ru fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù yẹn lè mú kí pọ́ǹpù tètè já, torí náà ẹ rọra rọ ọ́, kí pọ́ǹpù má sáré.

Ilé-epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà tó bá ṣeé ṣe, torí pé pọ́ǹpù kan máa ń tètè já ju òmíì lọ.

Ẹ kọ odómítà sílẹ̀. Lítà tẹ́ẹ rà lónìí, ẹ lè kọ ọ́, àmọ́ ẹ má kà á o! Epo tí mọ́tò ti jẹ kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ló ń dí. Àṣìṣe yìí ni mo máa ń rí jù nínú Sheets àwọn èèyàn, wọ́n á ka lítà táńkì mẹ́wàá mọ́ kìlómítà táńkì mẹ́sàn-án, wọ́n á wá ní mọ́tò àwọn ń jẹ epo ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nǹkan tó wà nínú ìwé yín báyìí ni ọjọ́, odómítà, àti àmì F tó dúró fún fúùlù. Kò tíì sí ìṣirò kankan. Tẹ́ẹ bá ti ń ṣírò nǹkan, ẹ ti sáré jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ́ kẹ́ẹ tó kúrò ní ilé-epo

Gbogbo ìgbà tí epo bá wọ táńkì, ẹ kọ odómítà (gbogbo ẹ̀, kì í ṣe trip, ìyẹn kékeré tó ṣeé dá pa dà sí òdo), lítà pẹ̀lú pọ́íńtì tó wà lójú pọ́ǹpù, F tàbí D (fúùlù tàbí díẹ̀), àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tí mọ́tò ṣe láti ìgbà tó kọjá. "Ẹrù púpọ̀, ọ̀nà jíjìn." "Gòsìlóò lójoojúmọ́." "Òjò." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ló máa sọ ìdí fún yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nígbà tẹ́ẹ bá ń wo nọ́ńbà kan tó ga tẹ́ ò rántí nǹkan kan mọ́.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ má lo trip: ọwọ́ ọmọ lè tẹ̀ ẹ́, mẹkáníìkì lè yọ bátìrì kó pa dà sí òdo. Odómítà ńlá kì í pa dà sẹ́yìn.

Tẹ́ẹ bá ra epo díẹ̀ láìkún táńkì, kò burú, kò já ṣéènì, ẹ kàn kọ lítà ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ẹ fi D sí i, ẹ ó rò ó mọ́ fúùlù tó ń bọ̀. Ohun tó ń já ṣéènì ni epo tẹ́ ò kọ sílẹ̀ rárá. Ẹ yá ẹnì kan ní mọ́tò, ó ra epo, kò sọ. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má méfò o, ẹ fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀, kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun láti fúùlù tó kàn. Ẹ ṣọ́ kẹ́ẹ̀gì náà, tẹ́ẹ bá rọ epo jẹnẹrétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí pọ́ǹpù sì kà á mọ́ ti mọ́tò, ẹ yọ ọ́ kúrò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* odómítà gbọ́dọ̀ máa ga sí i ní gbogbo ìlà, lítà ò sì gbọdọ̀ ju iye tí táńkì ń gbà lọ. Tí táńkì yín bá ń gba 60, tí ẹ sì rí 73 lójú ewé, bóyá ọwọ́ yín ló ṣì í kọ, bóyá kẹ́ẹ̀gì ló wà nínú ẹ̀, bóyá pọ́ǹpù yẹn gan-an lẹ máa lọ fi ojú sí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣirò

Ká sọ pé báyìí ni ìwé yín rí:

84,200 · F (a ò ka lítà ẹ̀)
84,610 · 41.0 · F
84,980 · 39.6 · F
85,160 · 15.0 · D
85,450 · 34.5 · F

Láti 84,200 sí 84,610, ẹ rin kìlómítà 410, epo tó jẹ ni lítà 41.0 tẹ́ẹ fi dí i pa dà. 41.0 pín sí 410, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní 100, ó jẹ́ lítà 10 fún kìlómítà 100. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 10.7. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ fò D yẹn kọjá: láti 84,980 sí 85,450 jẹ́ 470, lítà ẹ̀ jẹ́ 15.0 àti 34.5, àpapọ̀ 49.5, ó jẹ́ 10.5. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀: lítà 130.1 fún kìlómítà 1,250, ìyẹn 10.4.

Nínú Sheets, òpó B fún odómítà, òpó C fún lítà, ìlà 2 fún fúùlù àkọ́kọ́. Ẹ má fún epo díẹ̀ (àmì D) ní ìlà tiẹ̀ níbẹ̀, ẹ ro lítà ẹ̀ mọ́ ti fúùlù tó tẹ̀ lé e, ó máa jẹ́ kí ìṣirò rọrùn. Nígbà tẹ́ẹ bá dé ìlà 12, ẹ tẹ èyí:

=SUM(C3:C12)/(B12-B2)*100

Ẹ wò ó pé C bẹ̀rẹ̀ láti 3 àmọ́ B bẹ̀rẹ̀ láti 2. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo ohun tí mo ń wí ní ìgbésẹ̀ 2. Ẹ fà á wá sísàlẹ̀, gbogbo ìlà tuntun á máa fún yín ní ìpíndọ́gba táńkì mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Tẹ́ẹ bá ní nọ́ńbà àtúnṣe bíi 1.04 láti ìgbésẹ̀ 1, ẹ fi pín èsì.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì: ẹ má kó ìpíndọ́gba jọ kẹ́ẹ tún wá pín wọn. Ká ní ẹ rìn 600 lójú ọ̀nà gbọọrọ, ó jẹ lítà 48, ìyẹn 8.0. Ẹ wá rìn 150 nínú gòsìlóò, ó jẹ 21, ìyẹn 14.0. Ẹni tó bá ro 8 mọ́ 14 kó pín in sí méjì á ní 11. Irọ́ ni. Lítà 69 fún kìlómítà 750 lẹ jẹ, ó jẹ́ 9.2. Ẹ ro lítà pọ̀, ẹ ro kìlómítà pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó pín.

Àwọn kan á ní kìlómítà sí lítà kan ló yé àwọn jù, kò burú, àmọ́ ó máa ń tan èèyàn. Láti 8 sí 10 kìlómítà fún lítà kan, ẹ gba lítà 2.5 sápò ní gbogbo kìlómítà 100. Láti 14 sí 16, ìyẹn náà fi 2 lé o, àmọ́ kò tó lítà 1 tẹ́ẹ gbà. Lítà fún kìlómítà 100 ò ní irú àgàbàgebè bẹ́ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi fóònù ṣírò ìlà 12 fúnra yín lẹ́ẹ̀kan. Tó bá bá ti Sheets mu dé pọ́íńtì, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ èyí tó jẹ́ ariwo lásán

Ká ní pọ́ǹpù já nígbà tó ku lítà 2 kí táńkì kún. Epo 40 tí mọ́tò jẹ, 38 lẹ máa kọ, ẹ ó ní ó ti dáa sí i ní 5%, ẹ ó máa yọ̀. Lọ́jọ́ kejì lítà 2 yẹn á pa dà wá, ẹ ó kọ 42, ẹ ó ní ó ti bàjẹ́. Mọ́tò ò yí pa dà. Ohun tí táńkì kan bá jẹ ní gbèsè, táńkì tó tẹ̀ lé e ló máa san án, torí náà tẹ́ẹ bá ro táńkì 20 pọ̀, tó jẹ́ bíi lítà 800, fúùlù àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nìkan ni àṣìṣe ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, lítà 2 nínú 800 ò sì ju 0.25% lọ. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ ọdún kan tí wọ́n fi bírò kọ fi máa ń dáa ju dáàṣíbọ́ọ̀dù lọ.

Dáàṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Kì í wọn epo nínú táńkì o, bí ẹnu ìfọ́nepo (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ló fi ń fojú bù ú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń yin ara ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún táńkì mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé irọ́ tó ń pa sábà máa ń dọ́gba, ẹ lè máa fi ìyàtọ̀ yẹn ṣàtúnṣe nọ́ńbà ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* táńkì kọ̀ọ̀kan lè máa fò, àmọ́ ìpíndọ́gba mẹ́wàá ò yẹ kó máa fò. Tí òun náà bá ń fò, ẹ pa dà sí ìgbésẹ̀ 2, bẹ́ẹ ṣe ń kún táńkì ò dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí nọ́ńbà bá ń gun òkè tí kò sọ̀ mọ́

Ìpíndọ́gba mẹ́wàá tó ń ga díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì mẹ́ta, nǹkan ń ṣe mọ́tò nìyẹn, tàbí nǹkan ti yí pa dà nínú bẹ́ẹ ṣe ń wà á. Kẹ́ẹ tó sáré lọ bá mẹkáníìkì, ẹ ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ́ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹrù kọ́kọ́: bíi kílò 45 kan ń fi nǹkan bíi 1% kún epo, irinṣẹ́ tó ti ń gbé lẹ́yìn mọ́tò látọdún tó kọjá náà ń jẹun níbẹ̀. Eré: afẹ́fẹ́ tó ń tì yín sẹ́yìn ń pọ̀ ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ, píkọ́ọ̀pù ò sì jẹ́ ọfà, láti kìlómítà 90 sí 120 ní wákàtí kan, ẹ máa rí i nínú ìwé. Epo tó ní étánọ́ọ̀lù 10% nínú fi nǹkan bíi 3% rẹlẹ̀ ní agbára sí bẹntiróòlù gidi, tí ilé-epo yín bá yí epo pa dà, ó máa hàn. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, tó fi dé bíi -7 °C, ìrìn inú ìlú lè jẹ tó 15% ju ti ìgbà tí ojú ọjọ́ wà ní 25 °C lọ, torí náà oṣù òtútù pẹ̀lú oṣù òtútù ni kẹ́ẹ máa fi wéra, ẹ má fi wé oṣù ooru.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan mọ́tò fúnra ẹ̀. Ẹ fi géèjì wo táyà láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù, bí atẹ́gùn gbogbo táyà bá fi psi 1 wálẹ̀, epo á fi bíi 0.2% lọ sókè, ó kéré lójú, àmọ́ tí gbogbo táyà bá fi psi 10 rẹlẹ̀, wọ́n ti gba 2% lọ́wọ́ yín láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì tún ń gbó.

Búrékì tó ń há: ẹ wa mọ́tò fún bíi ogún ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà tẹ́ ò ti ní tẹ búrékì púpọ̀, ẹ rọra dúró, ẹ sún ọwọ́ mọ́ rímù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Ooru wọn yẹ kó dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì. Tí ọ̀kan bá ń yọ ooru bí ààrò, tó tún ń rùn bí nǹkan tó ń jóná, ẹ ti rí olè yín.

Ẹ wo géèjì ooru ẹ́ńjìnnì náà. Tó bá ń pẹ́ kó tó gòkè, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ, tẹ́móstáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) lè ti ya ẹnu sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì tútù sì máa ń jẹ epo. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kà á, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó ti kú lè wà níbẹ̀. Ti four-wheel náà (ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), ẹ rí i pé ó ti jáde lóòótọ́.

Fíltà afẹ́fẹ́? Gbogbo ayé ló máa kọ́kọ́ ní kẹ́ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Nínú mọ́tò bẹntiróòlù tó ń lo ìfọ́nepo oní-kọ̀ǹpútà, fíltà tó dọ̀tí máa ń mú kí mọ́tò lọ́ra láti sáré, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan iye epo. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ torí ẹ́ńjìnnì, ẹ má retí pé ìwé yín á yí pa dà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ọjọ́ àtúnṣe sínú ìwé, kẹ́ẹ dúró de táńkì márùn-ún. Àtúnṣe tó mú nǹkan wá máa hàn nínú márààrún, kì í ṣe nínú ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ 7: Tẹ́ẹ bá fẹ́ dán nǹkan wò

Ìbòrí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, táyà míì, òògùn epo inú ìgò, kẹ́ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá, oríṣiríṣi. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ ó yí pa dà lẹ́ẹ̀kan. Táńkì mẹ́ta láìsí i, mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀, ẹ wá yọ ọ́ kúrò fún mẹ́ta míì. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì, torí tí nọ́ńbà ò bá pa dà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ yọ ọ́, á jẹ́ pé ojú ọjọ́ tàbí ọ̀nà ló yí pa dà, kì í ṣe nǹkan tẹ́ẹ rà. Ìyàtọ̀ tí kò tó 3%, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ fi ti yín wé ti ẹlòmíì tó ń ka mpg (iye máìlì fún gálọ̀nù kan), ẹ kọ́kọ́ bi í pé gálọ̀nù ibo. Gálọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546. Fún ti Amẹ́ríkà, ẹ fi mpg pín 235.2, fún ti Gẹ̀ẹ́sì ẹ fi pín 282.5, lítà fún kìlómítà 100 lẹ máa rí. 25 mpg ti Amẹ́ríkà jẹ́ 9.4, 25 mpg ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 11.3. Ẹ tún bi í bóyá odómítà tiẹ̀ ní àtúnṣe, àti pé táńkì mélòó ló kà kó tó dé nọ́ńbà yẹn.